Tromsø, Rovaniemi tàbí Abisko: èwo ló tọ́ sí yín nígbà òtútù?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, àwọn èèyàn wa tó wà ní London, Manchester àti Dublin á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: ojú ọ̀run tó ń tàn yòò ní àwọ̀ ewé, ilé onígi tí yìnyín bo òrùlé rẹ̀, ọmọdé tó jókòó ti Bàbá Kérésì. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn lẹ́yìn náà ni pé níbo nìyẹn, èló sì ni. Àwọn fọ́tò yẹn kì í sábà jẹ́ ti ibì kan náà. Ibi mẹ́ta tí orúkọ wọn máa ń jẹ yọ jù ni Tromsø ní Norway, Rovaniemi ní Finland, àti Abisko ní Sweden. Òkè réré Yúróòpù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, àmọ́ wọn ò jọra rárá. Ẹni tó bá lọ wá Bàbá Kérésì dé Tromsø, tàbí tó kó ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sí Abisko, owó rẹ̀ ti lọ síbi tí kò yẹ kó lọ.

Ní tèmi, fọ́tò kọ́ ló yẹ kéèyàn fi yan ibẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ wò: bí ìkùukùu ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe, àti àwọn tí ẹ jọ ń lọ.

Iná ojú ọ̀run

Iná aláwọ̀ ewé inú fọ́tò yẹn, tí òyìnbó ń pè ní northern lights, ọ̀dọ̀ oòrùn ló ti ń wá. Oòrùn máa ń tú àwọn ohun tíntìntín tó ní agbára mànàmáná sínú òfuurufú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀ ayé, agbára òòfà ayé á darí wọn sí ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù, wọ́n á kọ lu ọ́síjìn tó wà lókè, ọ́síjìn náà á sì tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Nǹkan bíi 100 kìlómítà sókè ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkùukùu ò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí iná náà bá ń jó lókè bí ó ṣe wù ú, tí ìkùukùu bá ti bo ojú ọ̀run, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Abẹ́ òrùka tí iná yìí ti máa ń yọ jù ni Tromsø àti Abisko wà. Rovaniemi fi díẹ̀ sún sí gúúsù, síbẹ̀ wọ́n ń rí i dáadáa níbẹ̀ náà. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ìlú tí iná náà ti lágbára jù. Ibo ni ojú ọ̀run ti máa ń mọ́? Ìyẹn ló yẹ kí ẹ béèrè.

Etí òkun ni Tromsø wà, orí erékùṣù gan-an ni àárín ìlú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ti Àtìláńtíìkì ṣàn gòkè ò jẹ́ kí òkun ibẹ̀ dì, àmọ́ òun náà ló ń gbé ìkùukùu wá, àti òjò àti yìnyín olómi. Àwọn tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wọn fi máa ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, tí wọ́n á sì máa lé ibi tí ojú ọ̀run ti là. Nígbà mìíràn wọ́n á wakọ̀ dé Kilpisjärvi, lójú ààlà Finland, kí wọ́n tó rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ó sì lè di aago méjì òru kí ẹ tó padà dé òtẹ́ẹ̀lì. Owó ìlépa yẹn, ẹ kà á mọ́ owó ìrìn àjò Tromsø láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á kàn máa yọjú láti ojú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì lè padà sílé láìrí i.

Ní Abisko, òkè ló ń báni ṣiṣẹ́. Àwọn òkè tó wà láàárín rẹ̀ àti etíkun Norway ti máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀rinrin kí afẹ́fẹ́ tó dé ibẹ̀, débi pé gbogbo òjò àti yìnyín tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bíi 300 mìlímítà lọ, ọ̀kan lára èyí tó kéré jù ní gbogbo Sweden. Lókè adágún Torneträsk, ojú ọ̀run sábà máa ń là nígbà tí ibi gbogbo yí i ká bá ṣú. Ẹ kò nílò ọkọ̀. Ẹ ó wọṣọ, ẹ ó rìn dé etí adágún, ẹ ó gbójú sókè. Fún ẹni tó jẹ́ pé torí iná yìí nìkan ló ṣe ń lọ, mi ò rò pé ó yẹ kó tún máa wo ibòmíràn.

Àárín ilẹ̀ ni Rovaniemi wà, ìkùukùu máa ń pọ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá àti Kejìlá, iná ìlú náà sì pọ̀. Ẹ ní láti jáde sí etí adágún kan tó ṣókùnkùn. Láti ìparí oṣù Kejì lọ, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń dára sí i.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó kì í sọ: tí iná náà ò bá lágbára, ojú lásán máa ń rí i bí èéfín ràìràì. Kámẹ́rà fóònù tí wọ́n ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé tó ń tàn. Nígbà tó bá lágbára ṣá, ojú lásán á rí i, yóò sì máa rìn, yóò máa yí, kò sí fọ́tò tó lè sọ ọ́. Ẹ má lọ fún òru méjì. Òru mẹ́rin ni mo lè pè ní ìrìn àjò.

Òtútù

Ẹni tó bá wo máàpù á rò pé Tromsø ló máa tutù jù, nítorí òun ló wà lókè jù, ó fi ohun tó lé ní 300 kìlómítà kọjá Arctic Circle, ìlà tí wọ́n fà yí òkè ayé ká lórí máàpù. Irọ́ ni. Nínú oṣù Kìíní, òtútù Tromsø máa ń wà ní nǹkan bíi −4 °C. Rovaniemi, tó wà nítòsí ìlà náà, máa ń wà ní nǹkan bíi −11, ó sì lè já dé −30 láàárín ọjọ́ méjì. Abisko sún mọ́ Rovaniemi lórí èyí.

Àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà yẹn dá Tromsø láre. Òtútù −3 tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lu ojú, tí yìnyín olómi sì ń rin aṣọ, ó lè ju −15 tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, lọ lára ẹni tó wá láti Ìbàdàn. Tromsø tún ní wàhálà mìíràn: ìgbóná ibẹ̀ máa ń lọ, ó ń bọ̀ lójú ibi tí omi ti ń dì. Yìnyín á yọ́ lọ́sàn-án, á tún dì lóru, ojú ọ̀nà á sì yọ̀ bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i. Àwọn ará ìlú ń so irin onígóńgó mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà, brodder ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tà á káàkiri ìgboro. Ẹ ra á lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, pàápàá tí ìyá tàbí bàbá bá wà lára yín. Ní Rovaniemi, yìnyín máa ń gbẹ, ilẹ̀ tẹ́jú, ìrìn sì rọrùn fún àgbàlagbà.

Ti aṣọ, ibì kan ò yàtọ̀ síbì kan. Aṣọ òwú ni ọ̀tá. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti jíìnsì máa ń mu òógùn, tí òógùn bá sì ti tutù sí yín lára, kò sí jákẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi tó lè gbà yín. Èyí tó kan ara kí ó jẹ́ irun àgùntàn merino tàbí aṣọ tí kò gba omi dúró, ti àárín kí ó jẹ́ súwẹ́tà tó nípọn, ti òde kí ó jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Bàtà kí ó fi nọ́ńbà kan ju tiyín lọ, kí ìbọ̀sẹ̀ méjì lè wọ̀ ọ́ láìfún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a fún pọ̀ ló kọ́kọ́ ń tutù. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú àpò kan gbóná ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan dá wà lọ. Ẹ má ra gbogbo rẹ̀ tán, torí àwọn tó ń mú àlejò lọ sórí yìnyín sábà máa ń yá wọn ní aṣọ ńlá àti bàtà.

Ọ̀rọ̀ tiwa kù díẹ̀, torí àwọn ìwé ìrìn àjò òyìnbó kì í dé ibẹ̀. Òrí tí ẹ gbé láti ilé wúlò níbẹ̀ ju ìpara olómi lọ: ìpara tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ kò dára kí ẹ fi pa ojú kété kí ẹ tó jáde sínú òtútù líle, ọ̀rá ni awọ ojú ń fẹ́. Ẹ yọ yẹtí irin kúrò létí tí òtútù bá ti kọjá −15, torí irin máa ń gbé òtútù wọ ara tààrà. Irun tí ẹ fọ̀ tí kò gbẹ dénú, ẹ má gbé e jáde. Ẹni tó di irun ńlá kí ó tètè wá fìlà tó máa gba irun náà tí yóò sì bo etí, torí fìlà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, orí àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n. Fóònù, àpò inú ni. Òtútù á pa bátìrì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá gbé e lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ńkọ́?

Láti nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ ní Tromsø. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣú dúdú o. Ní àárín ọ̀sán, wákàtí díẹ̀ wà tí ojú ọ̀run máa ń pọ́n, tí yìnyín á sì di àwọ̀ búlúù, ó lẹ́wà lọ́nà tó ń bani lẹ́rù díẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ni ìlú náà ń kí oòrùn káàbọ̀, torí àwọn òkè kì í jẹ́ kó fojú hàn títí di ìgbà náà, bọ́nsì ni wọ́n sì máa ń jẹ lọ́jọ́ yẹn. Abisko náà ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí oòrùn kì í yọ. Rovaniemi ṣì máa ń rí oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí méjì nígbà tí ọjọ́ bá kúrú jù. Ẹni tí òkùnkùn máa ń dorí rẹ̀ kodò kó fi èyí sọ́kàn.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tromsø nìkan ló jẹ́ ìlú gidi tí ẹ lè jáde sí láìsanwó fún ẹnì kankan. Yunifásítì ńlá wà níbẹ̀, ilé kọfí àti ilé oúnjẹ pọ̀, orin sì ń dún lálẹ́. Ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà á gbé yín gun òkè Storsteinen, mítà 421, ẹ ó sì rí gbogbo erékùṣù náà nísàlẹ̀. Lódìkejì afárá ni ilé ìjọsìn Ishavskatedralen wà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, funfun báláú, onígun mẹ́ta. Láti oṣù Kọkànlá sí Kìíní, ẹja hẹ́rínì máa ń fa àwọn àbùùbùtán wá sí ìhà Skjervøy, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó èèyàn lọ wò wọ́n. Wákàtí púpọ̀ ni lórí omi tútù. Ẹni tí òkun máa ń bì kí ó rò ó dáadáa.

Rovaniemi ò lẹ́wà, kí a má parọ́. Àwọn ọmọ ogun Jámánì jó o kanlẹ̀ ní 1944 bí wọ́n ṣe ń sá lọ, ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ayàwòrán-ilé ńlá nì, Alvar Aalto, ló ya ètò ìlú tuntun, ó fi ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe bí ìwo àgbọ̀nrín. Lórí máàpù lèèyàn ti ń rí i, kì í ṣe nígbà tó bá ń rìn nínú rẹ̀. Ohun tó ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ ni abúlé Bàbá Kérésì, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ sí ìlú, níbi tí wọ́n fa ìlà Arctic Circle sílẹ̀ kí èèyàn lè fẹsẹ̀ dá a kọjá. Àtìgbà tí Eleanor Roosevelt, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ti bẹ ibẹ̀ wò ní 1950, tí wọ́n sì sáré kọ́ ahéré kan dè é, ni ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni kí ọmọ rí Bàbá Kérésì kó sì bá a sọ̀rọ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń gba owó rẹ̀, ó sì wọ́n. Ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín ṣáájú kí ẹ má bàa máa jà níwájú Bàbá Kérésì.

Abisko fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan lọ́sàn-án ju òkè, adágún àti ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá tí ìjọba Sweden dá sílẹ̀ ní 1909 ló wà. Ẹ máa fi Kiruna kún un, ìlú ìwakùsà tí kò jìnnà sí i. Irin tí wọ́n ń wà lábẹ́ Kiruna ti mú kí ilẹ̀ máa rì, nítorí náà wọ́n ń kó àárín ìlú lọ síbòmíràn. Ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kọ́ ní 1912 lódindi, wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ ọ lọ sí nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún. Ní Jukkasjärvi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kiruna, ni òtẹ́ẹ̀lì omi dídì wà, tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́dọọdún láti 1989 pẹ̀lú yìnyín odò Torne. Ìmọ̀ràn mi: ẹ san owó ìwòran lọ́sàn-án, kí ẹ sùn sí yàrá tó gbóná. Sísùn nínú yàrá −5 lórí awọ ẹran jẹ́ ìtàn tó dùn láti sọ ju láti ṣe lọ.

Kíkó àlejò sórí pátákó tí ajá ń fà, tàbí èyí tí àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ń fà, wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fi ìyẹn yan ìlú. Àwọn ará Sámi ló ni àṣà dída àgbọ̀nrín wọ̀nyí, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà. Ẹ má bi darandaran wọn pé mélòó ni ẹran rẹ̀. Ìwà àìmọ̀wàáhù ni lójú wọn. Àwa tí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ ló yẹ kó tètè yé. Tí ẹ bá wà ní Tromsø ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù Kejì, tó jẹ́ ọjọ́ orílẹ̀-èdè Sámi, ẹ lè bá eré sísá àgbọ̀nrín pàdé láàárín ìgboro.

Ta lẹ jọ ń lọ?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá: Rovaniemi, kò sí àríyànjiyàn. Pápákọ̀ òfuurufú sún mọ́ ìlú, ọ̀nà ò jìnnà síra, òtẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí ọmọdé ń jẹ, tí òtútù bá sì pa ọmọ, ẹ ti padà sínú ilé kí ẹkún tó le. Ẹ tún lè gbé wọn lọ wo béárì funfun ní ọgbà ẹranko Ranua, nǹkan bíi 80 kìlómítà sí gúúsù.

Tọkọtaya, tàbí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn fàájì: Tromsø. Ẹni tó fẹ́ dá wà, tó ń ya fọ́tò, tí kò sì bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́: Abisko.

Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹbí ńlá tí màmá àti àwọn àǹtí wà nínú rẹ̀: Rovaniemi náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ń jókòó sí kí òógùn lè yọ, yé gbogbo wọn ṣáájú. Finland, tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀, ní sauna tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ìhòòhò ni wọ́n sì sábà máa ń wọ̀ ọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tó máa fipá mú yín. Ẹ lè gba ti ìkọ̀kọ̀.

Owó àti oúnjẹ

Norway ló wọ́n jù, pàápàá oúnjẹ àti ọtí. Euro ni Finland ń ná, ó sì rọrùn láti ṣírò. Ní Sweden, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, àmọ́ ibùsùn Abisko kéré, ó sì máa ń tán ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹ wá ibi tó ní ilé ìdáná níbikíbi tí ẹ bá yàn. Ìrẹsì àti ata gbígbẹ nínú báàgì ò wúwo.

Ní Tromsø, ẹ jẹ ẹja. Ẹja cod ńlá tó máa ń wá yé ẹyin sí etíkun àríwá Norway láti oṣù Kìíní sí Kẹrin ni wọ́n ń so kọ́ sórí igi, tí afẹ́fẹ́ tútù á gbẹ, tó ń di òkporókó tí a ń jẹ nínú ẹ̀fọ́ nílé. Ẹni tó ti ń fi òòlù fọ́ orí ẹja yẹn láti kékeré máa gbádùn jíjẹ ẹ́ ní tútù níbi tó ti wá.

Ìgbà wo?

Oṣù Kejìlá ni gbogbo èèyàn ń lọ, òun sì ni mi ò fẹ́, àfi torí Bàbá Kérésì. Òun ló wọ́n jù, òun ló ṣókùnkùn jù, yìnyín sì lè má tíì pọ̀. Láti ìparí oṣù Kejì sí ìparí oṣù Kẹta, yìnyín ti jìn, oòrùn ti padà, òru ṣì gùn tó fún iná ojú ọ̀run, iná náà sì máa ń lágbára sí i nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba.

Iceland ńkọ́? Mi ò fi kún un torí afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń jọba níbẹ̀ nígbà òtútù, Reykjavik kì í sì fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ibi tí omi ti ń dì lọ. Òkè oníná àti omi gbígbóná ló yẹ kó gbé èèyàn lọ síbẹ̀.

Ọ̀nà àti físà

Láti London, bàálù máa ń lọ tààrà sí Tromsø àti Rovaniemi nígbà òtútù, kò sì tó wákàtí mẹ́rin. Abisko ni ọ̀nà rẹ̀ gùn: Stockholm ni ẹ máa gbà, lẹ́yìn náà bàálù dé Kiruna, tàbí réluwé òru tó ń sùn lọ́nà kó tó dé. Réluwé òru wà láti Helsinki dé Rovaniemi náà, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Tí ẹ ò bá tíì wakọ̀ lórí yìnyín rí, ẹ má yá mọ́tò. Ọ̀nà E10 láàárín Kiruna àti Abisko, ìjì lè tì í pa.

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú ní Britain. Norway ò sí nínú Ẹgbẹ́ Yúróòpù, àmọ́ ó wà nínú Schengen, nítorí náà físà kan náà ló ṣí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì lè fi ọkọ̀ ìlépa iná kọjá sí Finland lóru láìsí wàhálà. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa pẹ́ jù ni kí ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2024, owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ €90, ìwé ìbánigbófò ìlera sì gbọ́dọ̀ tó €30,000. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti lè gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ní Tromsø. Bàálù wà níbẹ̀ tó ń lọ sí Svalbard, erékùṣù tó tún wà lókè sí i, àwọn èèyàn á sì máa fi fà yín. Norway ló ni ín, àmọ́ kò sí nínú Schengen. Ẹni tó bá fi físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ síbẹ̀ ti jáde nìyẹn, kò sì ní lè padà wọ Norway. Físà tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán, ni kí ẹ béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ibẹ̀ bá wà lọ́kàn yín.